Ètò ìṣúná ti dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: kí ni ká máa wò, kí ni ká bi ọnọrébù?

ỌmọOníwèé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Gómìnà wa ti gbé àbá ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Rédíò pariwo ẹ̀, wọ́n ka iye bílíọ̀nù tó jẹ́, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ aládùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, àwọn aṣòfin pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo wá ìwé náà lọ sórí ìkànnì ìjọba ìpínlẹ̀, mo sì rí i. Ojú ewé rẹ̀ lé ní 400, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà. Orí mi ti ń pòóyì kí n tó dé ojú ewé kẹwàá.

Ìbéèrè mi ò pọ̀. Ọnọrébù wa ti pín ẹ̀rọ ìlọta, ó pín ìrẹsì lọ́dún Iléyá, ó sanwó WAEC fáwọn ọmọ kan. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣe iṣẹ́ tá a torí ẹ̀ dìbò fún un, ibo ni kí n wò nínú ìwé yìí? Kí ni kí n bi í kí wọ́n tó fọwọ́ sí i? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nì kan má wá sọ fún mi pé "olè ni gbogbo wọn". Ìyẹn ti sú mi í gbọ́.

Ẹnulẹbọ

Olè ni gbogbo wọn.

Ó dáa, mo kàn ń fi ẹ́ ṣeré ni. Àmọ́ jẹ́ n bi ẹ́: ìgbà wo lo gbọ́ gbẹ̀yìn pé ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kan dá ètò ìṣúná padà fún gómìnà pé kó lọ tún un ṣe? Wọ́n á gbé e wá, wọ́n á fọwọ́ sí i kó tó di Kérésìmesì, gómìnà á buwọ́ lù ú, wọ́n á ya fọ́tò. Aṣòfin tó bá ń ṣe bí akin, ó mọ̀ pé òun ò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà tí ọdún ìdìbò bá dé. Ìwé yẹn tó o ń kà, o kàn ń ba ojú ara ẹ jẹ́ ni.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

ỌmọOníwèé, o ṣeun tó o lọ wá ìwé náà. Ọ̀pọ̀ tó ń bínú ò ṣí i rí.

Ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. N ò ní dárúkọ ibẹ̀. Jẹ́ n sọ ọ̀nà tí ìwé yẹn ń gbà fún ọ, kó o lè mọ ibi tí wàá dúró sí.

Abala 121 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló pàṣẹ fún gómìnà pé kó gbé ìṣirò owó tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde wá síwájú ilé kí ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀. Abala 120 ló ti ìyẹn lẹ́yìn: owó ò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò ìjọba ìpínlẹ̀ àyàfi tí òfin bá fàyè gbà á. Torí náà, bí gómìnà ti wù kó lágbára tó, ọwọ́ ilé ni àṣẹ owó wà nínú ìwé. Ohun tí wọ́n ń fi àṣẹ náà ṣe ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀.

Kíkà àkọ́kọ́, orúkọ àbá náà lásán ni akọ̀wé ilé máa kà. Kíkà kejì ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀, oníkálukú á dìde á ní títì ìlú òun ti bàjẹ́. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in fún àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké: ti ìlera, ti ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́ òde, ti ọ̀gbìn. Iwájú wọn ni àwọn kọmíṣọ́nnà á ti wá wí tẹnu wọn, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó àti ìṣúná ló máa wá kó gbogbo ẹ̀ jọ, á jábọ̀ fún ilé, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ọ́fíìsì wa á tẹ ẹ̀dà tó mọ́, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà.

Tó o bá fẹ́ mọ ọnọrébù tó ń ṣiṣẹ́, má wò ó lọ́jọ́ pàtẹ́wọ́. Yàrá ìgbìmọ̀ ni kó o ti wò ó.

ẸniInúIlé

Ẹ kú iṣẹ́ bàbá. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ.

Èmi ń bá ọnọrébù kan ṣiṣẹ́ báyìí, ní ìpínlẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ jẹ́ n sọ bí yàrá yẹn ṣe máa ń rí. Kọmíṣọ́nnà á wọlé, akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ọ̀gá àwọn oníṣirò owó á gbé fáìlì sáyà. Wọ́n á gbàdúrà. Aṣòfin tí kò bá tíì ka ìwé, ohun tó máa sọ ni "ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ má gbàgbé ẹkùn tiwa". Èyí tó ti kà á máa sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí ojú ewé báyìí báyìí". Ojú ọ̀gá oníṣirò owó yẹn lẹ ti máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó gbóná, torí kọmíṣọ́nnà fúnra ẹ̀ kì í sábà mọ nọ́ńbà náà.

Ọ̀gbẹ́ni Ẹnulẹbọ, ẹ jẹ́ ká sọ tàwa aráàlú náà. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ wa bá ń jókòó, àwọn tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá mi máa ń ju àwọn tó wà nínú yàrá ìgbìmọ̀ lọ. Ẹnì kan ń wá owó ọsibítù, ẹnì kan ń wá owó ìsìnkú bàbá rẹ̀, ẹlòmíì ní kí wọ́n bá òun ra ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, kò tíì sí ẹnikẹ́ni láti ẹkùn wa tó wọlé wá béèrè ohun tí ọ̀gá mi sọ nípa ètò ìṣúná iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹ ò lè fi ìrẹsì dán èèyàn wò, kẹ́ ẹ wá máa bínú pé ìrẹsì ló gbájú mọ́.

Ẹnulẹbọ

Ta ló kọ́kọ́ gbé ìrẹsì wá? Àwa kọ́ la kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa pín in. Àwọn ló fi polongo ìbò.

ÌyáAláṣọ

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Èmi ò mọ òfin. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà, ọmọ mi ló bá mi tẹ èyí.

A ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dáa lọ́jà wa. A ń san owó ọjà, a ń san owó ìmọ́tótó, tíkẹ́ẹ̀tì lóríṣiríṣi. Tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọ̀n wá, àfi ká lọ bẹ àwọn onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. A ti sọ fún ọnọrébù kan, ó ní kò sí nínú ètò ìṣúná. A sọ fún káńsẹ́lọ̀, ó ní ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ lowó wà. Ta ni ká mú?

Agbẹjọ́ròÒwúrọ̀

Màmá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín ló wúlò jù níbí.

Àtẹ kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin 1999 kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ kedere. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Torí náà, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti káńsẹ́lọ̀ yín ni ká kọ́kọ́ mú. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe dá a dúró mọ́. Ẹni tó bá wá ní ìpínlẹ̀ lowó wà, ẹ ní kó fìyẹn hàn yín nínú ìwé ìṣirò káńsù.

Ọnọrébù ìpínlẹ̀ náà ò bọ́ nínú ẹ̀ ṣá. Òfin tó ń darí ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, abala 7 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí káńsù bá ń gba owó ọjà tí kò sì ṣe nǹkan kan, aṣòfin lè pè wọ́n wá sí iwájú ìgbìmọ̀. Abala 128 fún ilé lágbára láti ṣèwádìí, kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìmọṣẹ́ àti fífi owó ṣòfò. Agbára ńlá nìyẹn. Wọn kì í sábà lò ó fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

ỌmọOníwèé

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti padà sínú ìwé náà. Ẹ wo ìlà kan tí mo rí lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìlera. Mo yọ orúkọ ìlú wa kúrò:

*Kíkọ́ àti pípèsè ohun èlò sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Iye tí ilé fọwọ́ sí fún ọdún yìí: 45,000,000. Iye tí wọ́n ná láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹsàn-án: 0. Iye tí wọ́n ń béèrè fún ọdún tó ń bọ̀: 60,000,000.*

Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ìlú wa wà níbẹ̀. Nígbà tó yá ni òdo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Ibẹ̀ gan-an ni kó o dúró sí. Ọ̀wọ̀n àárín yẹn ni kó o máa kọ́kọ́ kà nínú ìwé ìṣúná èyíkéyìí, kó o tó wo iye tí wọ́n ń béèrè. Èèyàn lè kọ 60 mílíọ̀nù síwájú orúkọ ìlú ẹ kí inú yín lè dùn. Òdo kì í purọ́.

Ìbéèrè tí ọnọrébù yẹ kó bi kọmíṣọ́nnà rèé: ẹ̀yin ò tíì ná kọ́bọ̀ nínú 45 mílíọ̀nù, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń béèrè 15 mílíọ̀nù lé e? Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń sọ.

Wọ́n lè ní iléeṣẹ́ ètò ìnáwó ò tú owó náà sílẹ̀. Kó bi wọ́n bóyá wọ́n kọ̀wé béèrè fún un, kó gba ẹ̀dà lẹ́tà ọ̀hún. Tí wọn ò bá kọ̀wé rárá, iléeṣẹ́ ìlera ló jẹ̀bi. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tí wọn ò dáhùn, ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó.

Wọ́n sì lè ní àwọn ò tíì rí kọngilá. Ọdún ti ń parí lọ, wọn ò tíì polówó iṣẹ́ náà. Ìyẹn ò gba àlàyé. Kó ní kí wọ́n gbé ìwé ìpolówó wá.

Wọ́n sì lè ní àwọn ará ìlú ń jà lórí ilẹ̀. Èyí máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà míì o, ẹ má dá gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá baálẹ̀ àti àwọn mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀.

Aṣòfin tó bá béèrè èyí tí wọ́n sì kọ ìdáhùn sínú ìwé ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ ti ṣiṣẹ́ oṣù rẹ̀, lójú tèmi. Èyí tó kàn ní kí wọ́n sọ ọ́ di 80 mílíọ̀nù kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn fi kún òdo ni.

Tíṣà_Ìṣirò

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá owó tó ń wọlé kún un. Àwọn èèyàn kì í wò ó.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

O ṣeun, tíṣà. Iwájú ìwé náà ni apá yẹn wà: owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù, owó orí àti owó mìíràn tí ìpínlẹ̀ ń pa fúnra ẹ̀, ẹ̀yáwó, ẹ̀bùn láti òkè òkun. Fi iye tí wọ́n sọ pé ó máa wọlé wé iye tó wọlé lóòótọ́ títí di oṣù Kẹsàn-án. Tí wọ́n bá ti fẹ́ nọ́ńbà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, mọ̀ pé owó ò ní tó. Tí owó ò bá sì tó, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ san, lẹ́yìn náà gbèsè, lẹ́yìn náà owó tí ọ́fíìsì gbogbo fi ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ìlú yín ló máa dúró. Ibi tí òdo ti máa ń wá gan-an nìyẹn, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹnì kan jí i.

Ẹnulẹbọ

Bàbá, mo gbọ́ yín, ìyẹn wọ̀ mí létí. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ mi. Ta ló ń fún ilé ìgbìmọ̀ lówó tí wọ́n fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀? Ṣé ọwọ́ gómìnà kọ́ ni? Báwo lẹni tó ń fún ẹ lóúnjẹ ṣe máa jẹ́ ẹni tí wàá bi pé kí ló fi owó ṣe?

Agbẹjọ́ròÒwúrọ̀

Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Lórí ìwé, wọ́n ti bọ́ níbẹ̀. Àtúnṣe tó wọ ìwé òfin lọ́dún 2018 sọ pé owó ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ àti ti ẹ̀ka ìdájọ́ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Lọ́dún 2020, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní àṣẹ kẹwàá, láti fipá mú àwọn gómìnà ṣe é. Àwọn ìpínlẹ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ náà sì wọ́gi lé àṣẹ ọ̀hún lọ́dún 2022, pé ààrẹ ò lágbára láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, àtúnṣe mìíràn tún wọ ìwé òfin lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Lọ́dún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ àti ti ilé ẹjọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀. Oṣù Kẹrin ló bẹ̀rẹ̀, ó wọ oṣù Kẹfà. A ti géètì pa. Koríko hù síwájú ilé ìgbìmọ̀ wa débi pé ewúrẹ́ ń wá jẹ níbẹ̀. Àwọn ìwé àdéhùn kan jáde lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fi ń kúrò níṣẹ́, a ṣì ń kọ lẹ́tà lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìnáwó kí wọ́n tó fún wa lówó bébà. Ẹnulẹbọ ò parọ́ níbẹ̀ yẹn.

Alábòójútó

Mo ti pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́ níbí tí wọ́n fi bú ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ polongo ìbò, iyàrá òṣèlú ń bẹ.

Tíṣà_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ n bèèrè ti àbádòfin. Ọnọrébù ẹkùn tiwa ń fọ́nnu pé òun ti gbé àbádòfin kalẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo wo orúkọ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó fẹ́ kí wọ́n kọ́ sí ìlú ìyá rẹ̀. Àjọ kan fún ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́. Àjọ mìíràn fún ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣé iye àbádòfin la fi ń dá aṣòfin mọ̀ ni?

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Rárá o. Mo ti tẹ àìmọye òfin tí n ò tíì rí ohun tí wọ́n fi ṣe títí dòní. Òfin tó bá ní kí wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀, tí kò sì ní ìlà nínú ètò ìṣúná ọdún tó tẹ̀ lé e, orí bébà ló máa kú sí.

Ẹ wo òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe é lọ́dún 2003, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ títí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fi ṣe tirẹ̀. Òfin náà ní kí ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí wà. Adájọ́ tó máa jókòó níbẹ̀ ńkọ́? Òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tó máa lọ bá ọmọ náà nílé ńkọ́, àti mọ́tò tó máa gbé e lọ? Inú ètò ìṣúná lèyí wà. Aṣòfin tó bá dìbò fún òfin náà lóṣù Kẹta, tí kò wá owó fún un lóṣù Kọkànlá, iṣẹ́ àbọ̀ ló ṣe.

ẸniInúIlé

Ẹ tún wo bó ṣe ń yá wọn lára nígbà míì. Oṣù Kìíní ọdún 2020 làwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kí oṣù Kẹta tó parí, ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ náà ti sọ ọ́ dòfin. Torí pé gómìnà fẹ́ ẹ, aráàlú fẹ́ ẹ. Àbádòfin tí aṣòfin kan dá gbé kalẹ̀, tí kì í ṣe ti gómìnà, lè sùn sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ títí ọdún mẹ́rin fi pé, tó bá sì ti pé, ó ti kú nìyẹn. Ilé tuntun ò jogún ẹ̀, àfi kí ẹlòmíì tún un gbé wá.

Ti iná mànàmáná náà ni kẹ́ ẹ béèrè nípìnlẹ̀ yín. Àtúnṣe mìíràn tó wọ ìwé òfin lọ́dún 2023 fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin lórí iná, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àbójútó iná sọ́wọ́ ara wọn. Ìpínlẹ̀ tó bá ṣe irú òfin yẹn, ilé ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló máa sọ ohun tí àjọ tó ń rí sí owó iná lè ṣe. Èyí ló yẹ ká máa pariwo lé lórí, ká fi ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú ìyá ẹnì kan sílẹ̀.

Ẹnulẹbọ

Tí gómìnà ò bá wá buwọ́ lù ú ńkọ́?

Agbẹjọ́ròÒwúrọ̀

Abala 100. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti sọ bóyá òun gbà tàbí òun ò gbà. Tó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún fọwọ́ sí i, ó ti dòfin nìyẹn, kò nílò ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni mọ́. Ní Èkó tí aṣòfin ti jẹ́ 40, 27 ni wọ́n nílò. Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti jẹ́ 32, 22. Ní Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì tí wọ́n jẹ́ 26, 18 ló tó. Nọ́ńbà náà ò le. Ọkàn ló le.

ỌmọOníwèé

Ìbéèrè kan ṣì wà. Ṣé ọnọrébù lè fi iṣẹ́ tuntun sínú ètò ìṣúná fúnra ẹ̀? Ẹnì kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni.

ẸniInúIlé

Wọ́n ń ṣe é, ká má tan ara wa. Àwọn gómìnà máa ń ní iṣẹ́ ilé ni pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n dín in kù. Àwọn aṣòfin ní àwọn kì í ṣe òǹtẹ̀ lásán. Awuyewuye yẹn ò tíì tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìyàtọ̀ wà láàrin kí aṣòfin gbé owó kúrò lórí ìlà "ìrìn àjò àti àlejò ṣíṣe" lọ sórí kànga ìlú kan, ní gbangba, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìjábọ̀, àti kí àpapọ̀ ètò ìṣúná kàn ga sókè láàárín òru tẹ́nikẹ́ni ò mọ ẹni tó fi kún un. Tẹ́ ẹ bá rí èkejì, ẹ béèrè ẹni tó máa gba kọngilá iṣẹ́ náà.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Mo fara mọ́ ọn. Mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un tó máa ń dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ. Kò parí síbi ìbuwọ́lù. Abala 125 ní kí ayẹ̀wéwò ìṣirò owó ìpínlẹ̀ gbé ìjábọ̀ rẹ̀ wá fún ilé láàárín 90 ọjọ́ tó bá gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ oníṣirò owó àgbà. Ìgbìmọ̀ kan wà nílé tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni láti jókòó ti ìjábọ̀ yẹn: kí wọ́n pe iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ní ẹ gba báyìí, ìwé ẹ̀rí báyìí ò sí, ẹ wá sọ tẹnu yín. Ìgbìmọ̀ yẹn ni kò sí aṣòfin tó ń ṣaáyan láti wọ̀. Ti iṣẹ́ òde ni gbogbo wọn ń lé. Mo ti rí ìjábọ̀ ayẹ̀wéwò tí a tò sórí pẹpẹ, ti ọdún kan lórí òmíràn, pẹ̀lú òkùn tí wọ́n fi dì í wá láti ilé ìtẹ̀wé. Kò sẹ́ni tó tú u.

ỌmọOníwèé, bi ọnọrébù rẹ ìgbìmọ̀ tó wà. Wàá mọ púpọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀.

Tíṣà_Ìṣirò

Ó ti wà nínú ìwé ìpolongo tiwa: "alága ìgbìmọ̀ ìròyìn àti eré ìdárayá".

ÌyáAláṣọ

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, ọmọ mi ń kà á fún mi. A ti fẹ́ kọ̀wé, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti fohùn ṣọ̀kan. Ṣé wọ́n máa gba Yorùbá? Àbí ká lọ wá ẹni tó gbọ́ òyìnbó?

Agbẹjọ́ròÒwúrọ̀

Màmá, abala 97 sọ pé èdè òyìnbó ni ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ máa lò, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ nípìnlẹ̀ náà kún un tí ilé bá fọwọ́ sí i. Ní Èkó, wọ́n máa ń fi Yorùbá ṣe ìjókòó ilé, òfin tó ń dáàbò bo èdè Yorùbá sì wà níbẹ̀ láti 2018. Níbòmíràn, mi ò ní kí ẹ gbára lé e. Ẹ kọ ọ́ ní èdè méjèèjì, kí Yorùbá wà lókè.

ỌmọOníwèé

Ta ni kí wọ́n kọ ọ́ sí? Èmi náà fẹ́ kọ ti ilé ìwòsàn.

ẸniInúIlé

Akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ lẹ máa kọ ọ́ sí, ẹ wá tọ́ka sí alága ìgbìmọ̀ tó kàn: ti ìlera fún ìwọ, ti ìjọba ìbílẹ̀ fún màmá. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọnọrébù yín, kó má bàa sọ pé òun ò gbọ́. Kó má gùn ju ojú ewé méjì lọ. Ìwọ, kọ nọ́ńbà ojú ewé àti nọ́ńbà ìlà náà sókè pátápátá, kí o sì kọ òdo yẹn bó ṣe wà. Màmá, ẹ so ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà oṣù díẹ̀ mọ́ tiyín.

Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìkan. Ẹ gbé bébà lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" pẹ̀lú ọjọ́ sórí ẹ̀dà tí ẹ máa mú padà wálé. Tí wọ́n bá ti ń jókòó ìgbìmọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú nǹkan jíjẹ dání.